Àtúnṣe Kì í Ṣe Ìdápadàsípò: Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Ọkọ̀ Èrò Àtijọ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a rí ògbólógbòó ọkọ̀ kan lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Bedford ni ọkọ̀ náà; káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó fi pákó kan ara rẹ̀. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi eré ìdárayá nígbà kan rí. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì hàn lára pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀dà ti ṣí, a rí ìwé mìíràn lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ti pẹ́ ju ti òkè lọ. Àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde mélòó kan dá owó jọ. A gbé ọkọ̀ náà fún àgbà oníṣẹ́-ọwọ́ kan, a ní kí ó bá wa tún un ṣe. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkọ̀ náà ti ń rìn, irin titun ni ó sì fi ṣe ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. A béèrè pákó. Wọ́n ti fi dáná. Nígbà tí bàbá náà rí i pé ojú wa kò dùn, ó wí pé, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ní kí n tún un ṣe. Ṣé èyí kò wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni?"

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi rán an ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé a ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ya dídá nǹkan padà sí bí ó ti wà sọ́tọ̀ kúrò lára mímú un dára sí i, bóyá pákó wọ̀nyí ì bá ṣì wà lónìí.

Ohun mẹ́ta ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni láti ṣe àlàyé bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ṣe dé ìlú méjèèjì àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú wọ inú èdè wa. Èkejì ni láti dá àbá ọ̀rọ̀ márùn-ún fún oríṣi iṣẹ́ márùn-ún tí a ń ṣe sí ohun àtijọ́. Ẹ̀kẹta ni láti tọ́ka sí ìlànà tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́ lè tẹ̀ lé.

2.0 Ọkọ̀ láti ojú omi dé orí ilẹ̀

Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé, ojú omi ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lọ sí Èkó. Ọjà Ejìnrìn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ gbòde, òkìkí rẹ̀ dínkù. Ìyípadà yìí hàn nínú ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀, fúnra rẹ̀. Ohun tí a gbẹ́, tí a sì fi ń rìn lórí omi, ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí nǹkan ìrìnnà titun dé, a kò wá orúkọ mìíràn lọ. A sọ ọ́ di ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní ìmúgbòòrò ìtumọ̀ ni èyí.

Ọkọ̀ tí ó gba iwájú jù lọ nínú èyí tí ìwé yìí dá lé lórí ni bọ́lẹ̀kájà. Gbólóhùn ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ níhìn-ín: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Ìjókòó inú rẹ̀ há, èrò a máa fún mọ́ ara wọn, ìjà kì í sì í wọ́n láàárín èrò àti kọ̀ndọ́. Ìdajì ọkọ̀ yìí ni ó ti òkè òkun wá: ẹ̀ńjìnnì, gíà, ẹsẹ̀, àti irin gígùn méjì tí gbogbo rẹ̀ jókòó lé. Ìdajì tí ó kù, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó kàn án: òpó, pákó ẹ̀gbẹ́, àjà, àti ìjókòó. Bedford wọ́pọ̀ nínú wọn. Ní 1931 ni ilé-iṣẹ́ Vauxhall tí ó wà ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ náà ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 1986 ni General Motors tí ó ni ín dá ṣíṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá dúró lábẹ́ orúkọ náà.

Mọ́lúè ni ó tẹ̀ lé e. Egungun Mercedes-Benz 911 ni wọ́n sábà máa ń lò fún un, ṣùgbọ́n páànù àti irin ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà sí ọwọ́ àwọn ajórin. Lẹ́yìn èyí ni dánfó, èyí tí Volkswagen jẹ́ àgbà nínú wọn. Ní oṣù Kẹta 2008, àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Máìlì 12 dé CMS. Ní oṣù Kọkànlá 2015, ọ̀nà wọn dé Ìkòròdú. Nípa báyìí, láàárín ìgbà ayé ènìyàn kan, ìlú yìí rí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ onípákó, ọkọ̀ onípáànù, àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n kó wọlé ní odindi.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọwọ́ méjì ti ń pàdé lára ọkọ̀ kan. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, A. L. Luce, tí ó ń ta ọkọ̀ Ford, ta ọkọ̀ onípákó kan fún oníbàárà rẹ̀. Kí oníbàárà náà tó san owó tán, ara ọkọ̀ náà ti ń tú. Èyí ni ó mú kí Luce fi irin ṣe egungun ara bọ́ọ̀sì tirẹ̀ ní 1927, tí ó sì gbé e ka orí ọkọ̀ Ford. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Blue Bird, tí ó ń ṣe bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé, ti ṣẹ̀. Wọ́n tọ́jú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yẹn títí di òní ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ń jẹ́ The Henry Ford, ní ìlú Dearborn.

3.0 Orísun àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀

Bí a bá tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ àti oníṣẹ́-ọwọ́, a ó rí i pé orísun márùn-ún ni ọ̀rọ̀ wọn ti wá.

(a) Omi: ọkọ̀, wa ọkọ̀, awakọ̀, imú ọkọ̀, ìdí ọkọ̀.
(b) Ara ènìyàn: ara ọkọ̀, orí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀.
(c) Ilé: òpó, àjà, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, àtẹ̀gùn.
(d) Ẹṣin: ìjánu, èyí tí a fi ń dá ẹṣin dúró, tí a sì wá fi ń pe ohun tí ó ń dá ọkọ̀ dúró.
(e) Àyálò: ẹ̀ńjìnnì, gíà, táyà, bátìrì, rédíétọ̀, ṣásì.

Bí a bá wo ìpín yìí fínnífínní, a ó ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe bí ó ti wù ú ni àyálò ti wọlé. Àwọn ohun tí ó ti òkè òkun wá ní ṣíṣe tán ni ó pọ̀ jù lọ lábẹ́ (e). Àwọn ohun tí káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni ó kún abẹ́ (c), nítorí pé ẹni tí ó mọ òpó àti àjà nínú ilé ni ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ìjánu yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé àyálò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ń du ipò lórí wọn: táyà ń bá ẹsẹ̀ du ipò, búréèkì sì ń bá ìjánu du ipò. Síbẹ̀, ààlà tí ó wà láàárín àyálò àti ọ̀rọ̀ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ààlà kan náà tí ó wà láàárín irin tí ó ti òkè òkun wá àti pákó tí a kàn mọ́ ọn.

Èyí já sí pé nígbà tí wọ́n bá fi pákó dáná, tí wọ́n sì fi irin rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà lábẹ́ (c) ni ó kọ́kọ́ ń pàdánù iṣẹ́ wọn lára ọkọ̀. Gíà àti bátìrì kò ní parẹ́, nítorí pé gbogbo ọkọ̀ ni ó ní wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí òpó lára ọkọ̀ rí kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ a máa ní òpó. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ fi jẹ́ ọ̀ràn àwọn onímọ̀ èdè pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ fi kún un. Fún irin gígùn méjì tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣásì, a dábàá egungun ọkọ̀, nítorí pé ara ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, kò sì sí ara tí kò ní egungun. Fún àwọn igi tí a gbé dábùú egungun náà kí a tó tẹ́ pákó ilẹ̀ lé e, a dábàá igi ìdábùú.

4.0 Iṣẹ́ márùn-ún, ọ̀rọ̀ márùn-ún

Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìlànà irú iṣẹ́ wọ̀nyí ni a tẹ̀ lé nísàlẹ̀ yìí.

4.1 Àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò púpọ̀. A ń tún ilé ṣe, a ń tún òfin ṣe, a ń tún ìwé ṣe, a sì ń tún ọkọ̀ ṣe. Nínú gbogbo wọn, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí nǹkan náà dára tàbí kí ó ṣiṣẹ́. Bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ kò já mọ́ nǹkan. A dábàá pé, nínú iṣẹ́ ọkọ̀, kí a fi í mọ sórí mímú ohun tí ó bàjẹ́ ṣiṣẹ́ padà.

4.2 Ìsọdọ̀tun (ì- + sọ + di + ọ̀tun). Èyí ni fífi ohun tí ó jẹ́ ti ìgbà titun rọ́pò ti àtijọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa nìyí. Kì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Òun ni ó sọ ọkọ̀ akẹ́rù di mọ́lúè, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí nǹkan ti rí ní àtijọ́.

4.3 Ìpamọ́. Èyí ni títọ́jú nǹkan gẹ́gẹ́ bí a ti bá a, pẹ̀lú gbogbo àpá ara rẹ̀, kí ó má baà bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Oníkan, ní Èkó, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dí ihò wọ̀nyí, tí ó sì kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà titun, àtúnṣe ni àwọn ènìyàn yóò pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti parẹ́.

4.4 Ìdápadàsípò (ì- + dá + padà + sí + ipò). Èyí ni mímú nǹkan padà sí ipò tí ó wà ní ìgbà kan pàtó. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń bi wá léèrè pé: ipò ìgbà wo? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́, kò tí ì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ilé Jaekel tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté-Mẹ́tta jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ni ó dá a padà sípò ní 2010. Ní ti bọ́ọ̀sì, ní 1956 ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù da owó pọ̀ láti ra T31, bọ́ọ̀sì AEC tí wọ́n ṣe ní 1929, kí wọ́n má baà fọ́ ọ. Owó àpò ara wọn ni wọ́n fi rà á, kì í ṣe ti ìjọba. Báyìí ni iṣẹ́ ìgbafẹ́ yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

4.5 Àwòṣe. Èyí ni ohun titun tí a wo ti àtijọ́ ṣe. Bí egungun nìkan bá ṣẹ́ kù, tí gbogbo pákó jẹ́ titun, àwòṣe ni ara ọkọ̀ náà, bí ó ti wù kí ó jọ tó. Kò sí ẹ̀bi nínú àwòṣe, bí a bá pè é ní orúkọ rẹ̀.

5.0 Ìlànà iṣẹ́

5.1 Ìdámọ̀ àti ìkọsílẹ̀. Kí a tó yọ ìṣó kan, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà níwájú wa. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára egungun ọkọ̀ àti àwo irin kékeré tí ó wà nítòsí ẹ̀ńjìnnì yóò sọ irú ọkọ̀ náà. Kí a ya àwòrán rẹ̀ láti ìhà gbogbo, kí a wọn òpó kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn pákó kọ̀ọ̀kan. Ní àsìkò yìí gan-an ni ó yẹ kí a pe àgbà káfíńtà wá, kí a bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́ bàbá, kí ni ẹ ń pe èyí?" Kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀, yálà ti Ìkòròdú ni tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ bá ti ní, a kò gbọdọ̀ fi tiwa lé e lọ. Àbá tiwa wà fún ibi tí àlàfo bá wà nìkan.

5.2 Igi. Kì í ṣe gbogbo igi ni ikán bá dọ́gba. Ìrókò a máa pẹ́, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fi ayùn là, ṣùgbọ́n kòkòrò a tètè wọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin a sì tètè sọ ọ́ di dúdú. Afàrá náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ bí òjò bá ń pa á. Kí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún igi wò: ibi tí ọ̀bẹ bá wọlé láìjanpata ti jẹrà. Ibi tí ó jẹrà nìkan ni kí a gé, kí a fi irú igi kan náà dí i. Àwọn aránṣọ ti fún wa ní ọ̀rọ̀ fún èyí: àbùlẹ̀. Kí a kọ ọdún sí ẹ̀yìn àbùlẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ titun yàtọ̀ sí àtijọ́. Igi kò jìnnà sí wa: ojú ọ̀sà, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ni àwọn onígẹdú máa ń fa ìtí igi gbà kọjá lọ sí Okobàbá fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà kan rí.

5.3 Irin. Ìpẹtà ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá pàdé. Ìpẹtà gba àyè ju irin tí ó bí i lọ. Ìdí nìyí tí ìṣó tí ó dípẹtà fi ń la pákó. Àwọ̀ dúdú tí a ń rí yí ìṣó ká lára igi ń fi hàn pé omi ti ń wọ ibẹ̀, pé irin sì ti bá èròjà inú igi dà pọ̀. Kí a ha ìpẹtà kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí a kun ọ̀dà ìdènà ìpẹtà, kí ọ̀dà aláwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Egungun ọkọ̀ tí ìpẹtà bá ti jẹ jinlẹ̀ kò yẹ fún ìrìnnà mọ́. Kí a fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ sórí ìpamọ́.

5.4 Ọ̀dà àti ìwé ara ọkọ̀. Ọ̀dà ni ìtàn ọkọ̀. Bí a bá fi abẹ tín-ín-rín ha igun kan díẹ̀díẹ̀, a ó rí ìpele àwọ̀ bí wọ́n ti tẹ̀ léra. A kò gbọdọ̀ méfò nípa àwọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1939 ni ìpàdé tí Frank Cyr pè ní Yunifásítì Columbia fi ẹnu kò lórí àwọ̀ òféefèé kan fún bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá kun bọ́ọ̀sì 1930 ní àwọ̀ yẹn láìní ẹ̀rí kò dá a padà sípò kankan. Bákan náà ni ti ọ̀rọ̀ tí àwọn ayàwòrán kọ sára ọkọ̀ wa. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, òwe, àdúrà, gbogbo rẹ̀ ni kí a tọ́jú, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ tẹ̀ lé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974.

5.5 Ìkìlọ̀. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná sun ún, kí ó má sì ṣe ha á ní gbígbẹ. Kí a má ṣe fẹ́ eruku inú ìjánu àtijọ́ pẹ̀lú ẹnu tàbí afẹ́fẹ́, nítorí pé asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àtúnṣe, ni a ti ń lò fún iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n yàtọ̀ síra, àti pé ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣòfò nínú àìsí ìyàtọ̀ yìí. A tún fi hàn pé ara onípákó ni ó gbé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá inú iṣẹ́ náà dání. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ọkọ̀ kan lọ. Ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ àti ọgbà mẹkáníìkì ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí i, kí ó má ṣe wí fún oníṣẹ́ pé, "Ẹ bá mi tún un ṣe." Kí ó wí pé, "Ẹ bá mi dá a padà sí bí ó ti wà ní ọdún báyìí, ẹ má sì jù ohunkóhun nù." Gbólóhùn yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwa tí a sọ ti àkọ́kọ́ mọ iye tí kíkúrú rẹ̀ ná wa.